Mo Ń Sanwó Kí Nǹkan Kan Má Baà Ṣẹlẹ̀

Àìsàn tó bá lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó yẹ kó máa kàgò kó tó wọlé. Ibà a máa kàgò: á kọ́kọ́ mú ẹnu korò, á gbọ̀n ọ́ jìgìjìgì, ìwọ fúnra rẹ lo máa ní kí wọ́n bá ọ ra oògùn. Eyín dídùn kì í fi tirẹ̀ bò rárá. Láàárín òru ló ti ń pariwo, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé àlejò ti dé. Kódà jẹ̀díjẹ̀dí tí a kì í fẹ́ dárúkọ láwùjọ, ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wá bá èmi, gilọkómà ni wọ́n ń pè é, kò kan ilẹ̀kùn, kò dunni, kò yúnni, kò mú ojú pọ́n, kò mú ojú ṣomi. Ó kàn jókòó sẹ́yìn ẹyinjú, ó ń jẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ní díẹ̀díẹ̀, ó sì fi èmi onílé sílẹ̀ kí n máa yangàn kiri pé ojú mi mọ́ gaara.

Télọ̀ ni mí, níbí ní Ìbàdàn. Ojú ni mo fi ń jẹun ju ọwọ́ lọ, nítorí ọwọ́ tí kò bá rí ibi tó ń gé, aṣọ oníbàárà ló máa gbọ́ ọ. Nígbà tí mo lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ihò abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Mo na ọwọ́ síwájú títí ọwọ́ fi tán. Àwọn ọmọṣẹ́ mi wá ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, wọ́n á sì máa wo ara wọn lójú bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìyẹn kò bà mí nínú jẹ́ púpọ̀, torí kò sí ẹni tó dàgbà tí kì í ṣe. Ohun tó wà nínú ẹyinjú tó ń jẹ́ kí a rí ìtòsí bí a ti ń rí òkèèrè a máa gan bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè. Ó ń mú ọba, ó ń mú ìjòyè. Mo lọ sí Dùgbẹ̀, mo bá ọmọkùnrin kan tó to awò sórí pátákó. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ gbé plọ́ọ̀sì tuù wò.” Mo gbé e wò, mo wo ẹ̀yìn káàdì ìpè kan, mo rí gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀, mo sanwó. Àyẹ̀wò ojú parí lórí ìdúró, ọlọ́kọ̀ sì ń fọn fèrè mọ́ wa lẹ́yìn.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bú ọmọkùnrin náà. Awò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó ní òun máa ṣe. Ó tilẹ̀ ṣe é dáadáa jù, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ihò abẹ́rẹ́ padà wá, mo sì gbà pé ojú náà ti padà wá, nígbà tí ohun tó ń jẹ ojú gan-an wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí awò kankan kò dé.

Bùọ̀dá mi àgbà ló tú àṣírí. Ó ti pẹ́ tí ará àdúgbò wọn ti ń ráhùn pé ìgbéraga ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù. Èèyàn á na ọwọ́ sí wọn, Bùọ̀dá kò ní gbà á. Ìyàwó ilé á kúnlẹ̀ kí wọn láti ẹ̀gbẹ́, Bùọ̀dá á kọjá lọ bí ẹni pé igi ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àìkíni jẹ́ láàárín wa. Èèyàn lè jẹ gbèsè kí wọ́n fojú fò ó, ṣùgbọ́n bí kò bá ti dáhùn “ẹ kú àárọ̀”, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dé ìpàdé lándílọ́ọ̀dù. Àwọn kan ní láti ìgbà tí ọmọ wọn ti jápa lọ sí Kánádà ni. Àwọn kan ní owó ni. Nígbà tí Bùọ̀dá fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì tún ki ẹsẹ̀ bọ gọ́tà tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé wọn, ọ̀rọ̀ yí padà, gbogbo àdúgbò ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo wa tó ní kí wọ́n lọ yẹ ojú wò. Kí la fẹ́ yẹ̀ wò lójú ẹni tó ń ka Bíbélì onílẹ́tà wínníwínní?

Ìwà ìkà gilọkómà nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, á fi àárín sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Ọpọlọ wa, tí kì í fẹ́ kí nǹkan dín, á sì máa fi tirẹ̀ dí ibi tó ti jẹ, tó fi jẹ́ pé ẹni náà kì í rí dúdú, kì í rí ihò. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kò kàn sí níbẹ̀ mọ́. Kí a tó mú Bùọ̀dá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ojú òsì wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

Dókítà wá bi wọ́n bóyá wọ́n ní àbúrò. Bùọ̀dá mi, tí kì í rántí orúkọ mi tí wọ́n bá ń pín ẹran ọdún, ka gbogbo wa lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ogún díẹ̀. Bàbá wa fi ilé kan sílẹ̀ ní Òkè-Àdó, a ṣì ń bá ara wa fà á ní kóòtù. Wọ́n fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ ní Apẹ̀tẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ti tà á fún ẹni méjì. Wọ́n fi aago ọwọ́ kan sílẹ̀, títí dòní kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ló wà. Ohun kan ṣoṣo tí a pín láìpe lọ́yà ni èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní gilọkómà, ewu rẹ̀ lórí àwọn ọmọ ìyá àti bàbá rẹ̀, àti lórí àwọn ọmọ tó bí, ju ti ará ìta lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àwa aláwọ̀ dúdú náà sì tún ni irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù máa ń tètè mú, tó sì máa ń bá fínra jù. Bàbá wa fọ́jú kí wọ́n tó kú. A ní ogbó ni. Ní ìdílé tiwa, kò sí ohun tí “ogbó ni” kò lè bò mọ́lẹ̀.

Mo lọ sí ọsibítù kí Bùọ̀dá lè yé pè mí láràárọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí kò lè ju àbíkẹ́yìn mi lọ ní, “Bàbá, ẹ jókòó síbí.” Bàbá! Èmi tí mo pa irun láró kí n tó kúrò nílé. Mo jókòó. Ó ní kí n ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ka ti ìsàlẹ̀ pátápátá tí àwọn ẹlòmíràn kàn máa ń méfò, mo sì fẹ́ ka orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo ti dìde, mo ti páàsì. Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó, pé àyẹ̀wò kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn, pá! sínú ẹyinjú mi. Kò dunni, jìnnìjìnnì rẹ̀ ló pọ̀; mo fò, awò plọ́ọ̀sì tuù já bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n kán omi tó ń mú ojú kú tipiri, wọ́n tan iná búlúù, wọ́n sì fi nǹkan tín-ín-rín kan kan ẹyinjú gan-an. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni agbára omi inú ojú, tí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ìyàwó mi tilẹ̀ takú pé iyọ̀ tí mo ń bù sọ́bẹ̀ ni. Ojú ló ń ṣe omi náà fúnra rẹ̀. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Bí ọ̀nà àbájáde bá ti ń dí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ti iṣan ìríran lẹ́yìn. Láti 10 sí 21 ni wọ́n ń kà sí ohun tó dára. Tèmi jẹ́ 28. Dókítà ní kí n má tilẹ̀ gbọ́kàn lé nọ́ńbà yẹn nìkan, torí ó lè dára kí iṣan máa bàjẹ́ síbẹ̀, àfi kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú gan-an. Bí wọ́n ṣe kán omi míràn sí i nìyẹn, èyí tó ń ṣí àárín ẹyinjú sílẹ̀ gbayawu. Bí wọ́n bá ti kán ìyẹn sí yín lójú, ẹ má wakọ̀ lọ sílé o, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ka owó. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn wọlé sí mi lójú bí mo ti jáde. Gbogbo náírà tó wà lápò mi, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ẹ̀rọ oníbọ́tìnì. Wọ́n bo ojú kan, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé irin, kí n tẹjú mọ́ iná kan ní àárín, kí n máa tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tí mo bá rí iná kékeré tó tàn fìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé wọ́n ti mú iná lọ. Kí wọ́n má baà ní mo ń sùn, mo ń tẹ bọ́tìnì bó ṣe wù mí. Àṣé ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ mi! Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀gbẹ́ni yìí ń tẹ bọ́tìnì nígbà tí òun kò tan iná kankan. A tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, ojú ọ̀tún mọ́, ti òsì ní ibi dúdú kan lókè lápá imú.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ní sùúrù. Mo ní, “Dókítà, n kò rí dúdú kankan o.”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sẹ́ni tó máa ń rí i.”

Ó ṣàlàyé pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, ìyókù ni a ó dì mú. Omi ojú ni màá máa kán, lálaalẹ́, títí ayé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi iná lésà tàbí iṣẹ́ abẹ ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n tèmi ṣì jẹ́ ti oògùn. Mo bi í pé ìgbà wo ni ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ sí i. Ó ní kò ní mọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń nájà, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Mo ra oògùn ibà, ibà lọ. Mo ra oògùn ikọ́, ikọ́ rọlẹ̀. Mo wá ra igo omi kan tí kò tó àtàǹpàkò mi, owó rẹ̀ gba ọwọ́ mi bọ àpò, ó sì tún bọ́ sí àpò kejì. Mo kán an lálẹ́, mo jí láàárọ̀, mo wo ògiri: bí mo ṣe rí i lánàá ni mo ṣe rí i. Oṣù yí padà, owó oògùn yí padà, ojú kò yí padà. Mo padà lọ bi dókítà pé kí ni oògùn yìí ń ṣe gan-an. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní báwo ni màá ṣe mọ̀? Ó ní, “Tí nǹkan kan kò bá ti ṣẹlẹ̀, sà.”

Ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ àdúgbò wa ni. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Bí olè kò bá wá, àwọn lándílọ́ọ̀dù á ní kí la ń sanwó fún. Bí olè bá wá, wọ́n á ní kí la ti ń sanwó fún. Èmi wà lára àwọn tó dìde nípàdé pé kí á dá ọlọ́dẹ dúró. Ọlọ́run gbọ́, ó fún mi ní tèmi, ó rọ ọ́ sínú igo.

Ìtọ́jú ọlọ́dẹ yìí náà kò kéré. Latanoprost ni wọ́n ń pe irú tèmi, inú fìríìjì ló yẹ kó wà títí a ó fi ṣí i. Fìríìjì, ní àdúgbò wa, níbi tí iná ti ń wá bí ẹni tó wá gba nǹkan tó gbàgbé! Nígbà tí mo bá ra méjì pọ̀, mo ń gbé ìkejì lọ fún obìnrin tó ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, kó bá mi fi í sínú kúlà rẹ̀. Ó ní bí mo bá ti ń ra mínírà kan lójoojúmọ́, òun kò ní gbowó ilé lọ́wọ́ oògùn náà. Dókítà ìtọ̀ ṣúgà ló máa gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ níkẹyìn.

Kíkán an gan-an, iṣẹ́ ni. Èèyàn á gbé orí sẹ́yìn, á fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, á fojú sun ún. Ẹ̀kán kìn-ín-ní bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìkejì bọ́ sí imú, ẹ̀kánkan sì ni owó o. Kò sí ohun tó ń dùn mí tó kí oògùn owó iyebíye máa ṣàn lọ sínú irùngbọ̀n. Ìyàwó mi ló ń bá mi kán an báyìí, a ó sì fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú díẹ̀, kí oògùn má baà gba ibẹ̀ sá lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Mo gbọ́ pé irú kan wà, timolol, tí ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ dédé lò, torí omi ojú lásán tí ẹ̀ ń wò yẹn ń dé inú àyà. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní gilọkómà kó má yá aládùúgbò ní oògùn rẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ lè yá ẹnikẹ́ni. Mo mọ iye tí mo rà á.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ṣá, tí n kò bẹ̀bẹ̀ fún. Irun ìpéǹpéjú mi bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ó gùn, ó dúdú, ó tẹ̀ kọrọdọ. Wọ́n ní oògùn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà obìnrin ń béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí mo ti ra tèmi. Ìyàwó mi, tó ń sanwó kí wọ́n tó lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn lójú nígbà ayẹyẹ, ti yan odì sí mi nítorí rẹ̀. Ìríran ni mo lọ tọ́jú, ẹwà ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ẹ wá wo ẹni tí katarátì mú, bí ayé ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ni wọ́n ní nǹkan funfun bo ẹyinjú wọn, tí wọn kò mọ ọkọ ọmọ wọn yàtọ̀ sí férémù ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n yọ awò ojú tó ti ṣú, wọ́n fi ti oníke rọ́pò rẹ̀, wọ́n padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Gẹ̀ẹ́sì kan, Harold Ridley, ló kọ́kọ́ fi irú oníke bẹ́ẹ̀ sójú èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1949. Ó ti ṣàkíyèsí pé ojú àwọn awakọ̀ òfurufú ogun tí èérún gíláàsì oníke ọkọ̀ wọn wọ̀ lójú kò bá a jà. Ìmọ̀ ńlá ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣí bándéèjì, Màmá kígbe, àdúgbò kígbe, wọ́n jó dé ojú títì. Ìyẹn ni kí àìsàn ní ìyanu nínú! Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ní ìsinmi. Màmá ń rí eruku lábẹ́ àga. Wọ́n ń rí ewú lórí mi. Wọ́n wo ẹran tó wà nínú àwo mi, wọ́n wo tiwọn, wọ́n tún wo tèmi.

Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ wo katarátì kiri ìlú náà wà o. Wọn kì í yọ nǹkan kan. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ti awò tó ṣú náà wọnú ojú lọ. Ẹni náà á ríran fìrí, á sanwó, oníṣẹ́ á gba ìlú míràn lọ, ojú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀kan wá bá Màmá kí wọ́n tó lọ sí ọsibítù. Owó tó pè ló gbà wá sílẹ̀, ìyàwó mi ti ń ka owó tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àdúgbò gbọ́ tèmi, gbogbo wọn di dókítà. Bàbá onílé ní kí n fi ìtọ̀ ọmọ tuntun fọ ojú láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kí mi. Ìyá alágbo ní omi ewúro. Obìnrin kan tó ń fún ọmọ lọ́yàn fẹ́ fún wàrà sí mi lójú níwájú àwọn ọmọṣẹ́ mi. Omi iyọ̀, omi ṣúgà, omi àlùbọ́sà: ohun tí wọ́n kò fi sójú mi kù díẹ̀ kó di odindi ọbẹ̀. Nínú mọ́tò, ọkùnrin tó ń ta oògùn gbé igo kan sókè, ó ní ó ń wo Àpólò, ó ń wo katarátì, ó ń wo gilọkómà, tí ó bá sì ṣẹ́kù kí á fi pa ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Àpólò tó dárúkọ yẹn, àìsàn ojú pípọ́n tó ń ràn, ní ọdún 1969 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ rí i ní Gánà, ọdún tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé èèyàn dé òṣùpá, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo ẹni tó fi ṣúgà wò ó ló sì ń gba ọpẹ́ lọ́wọ́ aráyé.

Èyí tó bà mí lẹ́rù nínú wọn ni omi ojú tí ọmọ kẹ́mísì ń tà, torí òun ló mú mi lọ́kàn jù. Ojú kì í pọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ kó má mọ́ lọ́jọ́ kejì. Dókítà ní irú omi ojú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, tó ń pa ojú pípọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń kán an fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó lè gbé agbára omi inú ojú sókè, kó fa gilọkómà fún ẹni tí kò jogún rẹ̀, kó sì fi katarátì ṣe ènì.

Mo ti ń rò pé èmi àti Bùọ̀dá nìkan ni orí kò gbè, kí n tó gbọ́ ti ìwádìí kan. Láàárín 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú èèyàn tó lé ní 13,000 wò káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó ti pé ẹni ogójì ọdún sókè. Nínú 100, bíi 4 ló ti fọ́jú. Katarátì ló gba bíi 43 nínú 100 àwọn afọ́jú náà, gilọkómà gba bíi 17. Àwọn tó ní gilọkómà tó bíi 5 nínú 100 gbogbo wọn, bíi ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló sì ti fọ́jú. Nínú àwọn tó ní in náà, kò tó 6 nínú 100 tó mọ̀ pé òun ní in. Àwọn tó kù wà níta, wọ́n ń dáná, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń wakọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìyẹn, tí mo bá fẹ́ wọ Micra, ẹ̀gbẹ́ ni mo ti ń kí dẹ́rẹ́bà, màá sì dúró kó dáhùn kí n tó ṣílẹ̀kùn. Tí kò bá dáhùn, mo mọ ohun tí mo mọ̀, màá wọ èyí tó tẹ̀lé e.

Ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ ń gbìyànjú, n kò ní pa irọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí Bọ́lá Tinubu jẹ́ gómìnà Èkó ni wọ́n ṣe Jígí Bọ́lá, tí wọ́n pín awò fáwọn èèyàn. Lọ́dún 2024 ìjọba àpapọ̀ tún gbé irú rẹ̀ dìde, wọ́n ní mílíọ̀nù 5 awò làwọn fẹ́ pín. Ó dára, ọmọ mi ń lo awò. Ṣùgbọ́n awò kò mọ gilọkómà rí. Ọ̀sẹ̀ gilọkómà wà nínú oṣù kẹta, Ọjọ́ Ìríran Àgbáyé sì wà ní Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù kẹwàá. Àwọn tó bá wá sí ọjà wa lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ á wọ tíṣáàtì, á dé fìlà, á na bánà, á fi gírámà tó le bí egungun bá àwọn ìyá eléèlùbọ́ sọ̀rọ̀, á ya fọ́tò, ó tún di àmọ́dún. Ìyá eléèlùbọ́ bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo ní wọ́n ní kó lọ yẹ ojú wò bí kò tilẹ̀ dùn ún, pàápàá bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá fọ́jú. Ó ní, “Ṣé ohun tí wọ́n fi gbogbo àárọ̀ sọ nìyẹn?” Tíṣáàtì náà ni mo fi ń nu máṣíìnì, aṣọ rẹ̀ dára.

Níbi àyẹ̀wò tó kọjá, dókítà to ìwé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ó rẹ́rìn-ín. “Kò yí padà, sà. Ẹ kú oríire.” Mo sanwó oríire náà ní ibi tí wọ́n ti ń gbowó. Ìyàwó mi ní dandan ni kí á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó ṣáájú mi á ní ọkọ̀ gbókìtì, òun sì jáde láìfarapa. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi á ní òun rí físà gbà. Èmi á wá gba maikirofóònù, kí n ní, “Ẹ bá mi yin Olúwa, bí mo ṣe wà lọ́dún tó kọjá ni mo ṣe wà.” Ta ló máa lùlù sí ìyẹn?

Àbúrò wa obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Gbági, nìkan ló kù tí kò tíì lọ. Bùọ̀dá pè é títí ó fi sú wọn, wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mo pè é. Ó ní, “Bùọ̀dá, ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Láti ìta ni mo ti ń mọ oníbàárà tó máa rajà àti èyí tó fẹ́ fọwọ́ pa aṣọ lásán.” Mo ní ojú Bùọ̀dá àgbà náà kò ṣe nǹkan kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ná mi. Ó ní òun máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí mo bá lè bá òun rán aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó kan, ìró àti bùbá, lọ́fẹ̀ẹ́, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, torí àwọn náà máa tẹ̀lé e lọ yẹ ojú wọn wò. Mo bú u. Mo pa fóònù. Mo tún pè é padà pé ìwọ̀n àwọn ọmọ nìkan ni kó fi ránṣẹ́, tirẹ̀ ti wà nínú ìwé mi.